Ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì àti ẹ̀rù àtifi sìgá sílẹ̀: ohun tí mo rí nígbà tí mo lò ó ní Adó-Èkìtì

Ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi nikotíìnì (èròjà inú tábà tó ń sọ sìgá di bárakú) sí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, ìyẹn èyí tí àwọn apòògùn òyìnbó máa ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá mímu. Kì í ṣe oògùn tuntun, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀ ní ìgboro Adó-Èkìtì, àwọn tó sì ti gbọ́ nípa rẹ̀ pàápàá máa ń rò pé àwọn olówó tàbí àwọn tó ti ìlú òyìnbó dé ló wà fún. Mo lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀ ti wí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń mu sìgá, mo sì lè sọ láì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe. Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, 4 nínú 5 ni n óò fún un. Owó rẹ̀ àti ìwé ìlànà inú páálí rẹ̀ ló gbé máàkì kan tó kù lọ. Àmọ́ kí n tó dé orí ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mú kí irú oògùn yìí wúlò fún irú èmi, nítorí pé kì í ṣe adùn sìgá ló dì mí mú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù ni.

Ẹni tí kò mu sìgá rí máa ń rò pé ẹni tó ń mu ún kò fẹ́ jáwọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fẹ́ jáwọ́ tipẹ́, tí a mọ ohun tó ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró, tí a ti rí ojúgbà wa tí ikọ́ kò jẹ́ kó sùn mọ́, síbẹ̀ tí a kò lè fojú inú wo bí òwúrọ̀ kan ṣoṣo yóò ṣe rí láìsí sìgá. Ní Èkìtì níbi, níbi tí òtútù òwúrọ̀ ti máa ń mú láàárín òkè, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló gbà pé sìgá ló ń mú ara àwọn móoru, bẹ́ẹ̀ sì ni nikotíìnì gan-an ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn á fi túbọ̀ tutù. Àwọn kan kò lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìmú ọ̀kan dání, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé inú àwọn yóò dí bí àwọn bá fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kò tilẹ̀ jẹ́ asán pátápátá, nítorí inú lè dí fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, omi mímu àti ẹ̀fọ́ sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé àwọn yóò sanra, àwọn mìíràn pé ọpọlọ àwọn kò ní lè ro iṣẹ́ jinlẹ̀ mọ́. Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀, tí àwọn ọkùnrin kì í sì í fẹ́ sọ jáde, ni ẹ̀rù ìtìjú: kí ènìyàn ti kéde fún ìyàwó àti ọmọ pé òun ti jáwọ́, kí wọ́n sì tún wá bá a lẹ́yìn ilé pẹ̀lú iná lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n máa ń sọ káàkiri ìlú wa, pé ẹni tó bá dédé fi sìgá sílẹ̀ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, àìsàn ńlá ni yóò fi ṣe. Wọn á tọ́ka sí bàbá kan tó jáwọ́ tí kò sì pé ọdún tó fi kú. Ohun tí wọn kì í wò ni pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ti ń ṣàìsàn kó tó jáwọ́. Èémí tó ń kúrú tàbí àyà tó ń dùn ún ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà ló sì ní kó dáwọ́ dúró. Àìsàn ló mú un jáwọ́, kì í ṣe jíjáwọ́ ló mú àìsàn wá. Ikọ́ náà tún máa ń dá kún àṣìgbọ́ yìí, nítorí pé nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ara rẹ̀ mọ́, ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó di pé ó lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé ara òun ń bàjẹ́, á sì sáré padà sídìí ohun tó ń bà á jẹ́ ní tòótọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò le púpọ̀ láti yé ènìyàn. Bí a bá fa èéfín sìgá símú, nikotíìnì inú rẹ̀ á dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, ọpọlọ á sì fẹ́ràn ìtura tó bá a dé, títí yóò fi di bárakú fún un. Nígbà tí nikotíìnì bá ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, inú á máa bí ènìyàn láìnídìí, oorun á jìnnà, ebi á máa pa á, ọkàn rẹ̀ kò sì ní lè dúró lójú kan. Èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, á le jù ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti kọjá. Ìyánhànhàn tó máa ń gbé ènìyàn dìde lójijì kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kó tó rọ̀, yálà a mu sìgá tàbí a kò mu ún. Kò sí wèrè nínú rẹ̀, kò sì sí ikú nínú rẹ̀. Inú èéfín ni ikú wà: ọ̀dà tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, kábọ̀n mọ́nọ́ksáídì tó ń gba àyè afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, àti àwọn kẹ́míkà tó lé ní 7,000, tí nǹkan bí 70 nínú wọn lè fa àrùn jẹjẹrẹ.

Orí ìyàtọ̀ tó wà láàárín nikotíìnì àti èéfín yìí ni gbogbo ọgbọ́n ṣingọ́ọ̀mù náà dúró lé. Orílẹ̀-èdè Sweden ni ìmọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn ológun ojú omi tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, níbi tí wọn kò ti gbọ́dọ̀ fọn èéfín, máa ń fi tábà sẹ́nu dípò sìgá. Onímọ̀ oògùn kan tó ń jẹ́ Ove Fernö, ní ìlú Helsingborg, ló wá ṣiṣẹ́ lórí bí nikotíìnì ṣe lè gba inú ṣingọ́ọ̀mù wọ ara. Ní ọdún 1984, wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà pé kí dókítà máa kọ ọ́ fún aláìsàn, nígbà tó sì di ọdún 1996, wọ́n gbà á láyè kí wọ́n máa tà á níbẹ̀ láìsí ìwé dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi irú oògùn yìí, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, sínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí wọn ní ọdún 2009. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń pè é ní súìtì. Ó ń mú ènìyàn kúrò lẹ́nu nikotíìnì díẹ̀díẹ̀ bí ìyá ti ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, láì dá ebi oró sí i lára lójijì, láì sì jẹ́ kó fa èéfín kankan.

Rírí i rà ní Adó kò rọrùn. Ní ilé ìtajà oògùn kan tí mo kọ́kọ́ yà sí, ọmọ tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, ṣe ló máa fi í sílẹ̀. Kí lẹ fẹ́ máa náwó lé e fún?" Ní òmíràn, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, wọ́n sì na ṣingọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé sí mi. Èyí tí mo ti wá rí i rà jẹ́ ilé ìtajà kékeré kan lẹ́bàá títì, tí apòògùn tó ni ín máa ń jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní in nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo béèrè, ṣùgbọ́n ó bá mi pàṣẹ fún un. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe fún mi pọ̀ ju oògùn tó tà lọ, nítorí náà, ó yẹ kí àyẹ̀wò yìí kan òun náà.

Kó tó gba owó lọ́wọ́ mi, ó béèrè bóyá mo ní àìsàn ọkàn, bóyá ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, àwọn oògùn wo ni mo ń lò, àti pé lẹ́yìn tí mo bá jí, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí n tó fi iná sí sìgá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí: "Bàbá, ẹ má bínú o, kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an nínú pé kí ẹ fi í sílẹ̀?" Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé kò sí ohun tó ń ba àgbà lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì sọ fún un pé òru àkọ́kọ́ ni, àti ojú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìdí ẹmu. Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀, kò sì wàásù fún mi. Ó ní ti òru, oògùn náà yóò ràn mí lọ́wọ́, ó sì ṣàlàyé bí yóò ṣe ṣe é. Ti ọ̀rẹ́, oògùn kò sí fún ìyẹn, àfi kí n yan ẹnìkan nínú wọn kí n sọ fún un ṣáájú, kí n má sì kéde fún gbogbo ìlú. Ó ní kí n kọ àwọn ẹ̀rù mi sórí ìwé, kí n sì kọ ohun tí mo máa ṣe sí ìkọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó jọ ohun ọmọdé lójú mi nígbà náà, síbẹ̀ mo ṣe é, mo sì rí i pé ẹ̀rù tí a bá ti kọ sílẹ̀ máa ń ní ìwọ̀n, èyí tó bá sì ní ìwọ̀n, ènìyàn lè wá nǹkan ṣe sí i.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ ẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kọsẹ̀, tí wọn á sì sọ pé oògùn náà kò dára. A kì í jẹ ẹ́ bí a ti ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lásán. Ṣe la máa ń rún un díẹ̀díẹ̀, ní pẹ̀lẹ́, títí a ó fi gbọ́ ìtọ́wò rẹ̀ tó ń ta lórí ahọ́n. Bó bá ti ń ta bẹ́ẹ̀, a óò dá rírún rẹ̀ dúró, a óò sì tì í sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Ibẹ̀ ni nikotíìnì náà ti ń gba inú ẹran ẹnu wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí títa náà bá lọ, a óò tún rún un díẹ̀, a óò sì tún tì í sí ẹ̀gbẹ́ kejì, báyìí ni yóò máa lọ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń rún un láìdáwọ́ dúró yóò gbé nikotíìnì náà mì pẹ̀lú itọ́, òsúkè á mú un, inú á sì máa rú u, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì dé ibi tó yẹ kó dé. A kò sì gbọ́dọ̀ jẹ tàbí mu ohunkóhun ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀ tàbí nígbà tó bá wà lẹ́nu, yàtọ̀ sí omi. Kọfí, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, omi ọsàn, àti ohunkóhun tó bá kan lẹ́nu kì í jẹ́ kí ẹnu lè gba nikotíìnì náà wọlé dáadáa. Ìkìlọ̀ yìí kan ẹmu tó ti kan pẹ̀lú, ẹ̀yin ará ilé ẹmu.

Oríṣi agbára méjì ló wà, ti mílígíráàmù 2 àti ti mílígíráàmù 4. Ìbéèrè tí apòògùn bi mí nípa sìgá àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń pinnu èyí tó yẹ ènìyàn: ẹni tó bá mu sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jí, 4 ni tirẹ̀, ẹni tó bá lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, 2 tó o. Ìlànà rẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ènìyàn yóò máa lo ẹyọ kan ní wákàtí kan sí méjì. Láti ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹsàn-án, ẹyọ kan ní wákàtí méjì sí mẹ́rin. Láti ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkejìlá, ẹyọ kan ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ. Kò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ 24 lọ lójúmọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yìí ni pé kò fi ìjáwọ́ sílẹ̀ fún okun inú nìkan. Nígbà tí àárọ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rù-bojo yẹn dé, mo ti mọ ohun tí màá fi sẹ́nu àti àsìkò tí màá fi í sẹ́nu, ẹ̀rù náà sì dín kù kí n tó jáde kúrò nílé.

Adùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pè é ní oníminti, ṣùgbọ́n títa rẹ̀ ló pọ̀ ju minti rẹ̀ lọ, ọ̀nà ọ̀fun sì máa ń gbóná díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Párì mi máa ń ro mí ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, òsúkè sì máa ń mú mi nígbà mìíràn. Àwọn àgbàlagbà tó bá ní eyín àtọwọ́dá ní láti ṣọ́ra, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ irú eyín bẹ́ẹ̀, ó sì lè bà á jẹ́. Fún wọn, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara sàn jù. Aláboyún, ẹni tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé gbọ́dọ̀ rí dókítà ná, yálà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wọn jù lọ. Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwọn tó ní ọmọdé nílé: ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ wọn kò lè tó, nítorí nikotíìnì inú rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ọmọ kékeré.

Ohun kan wà tí ìwé inú páálí náà kò sọ tó yé ènìyàn, apòògùn yẹn ló sọ ọ́ fún mi, ó sì wúlò fún mi gidigidi ní òru. Èéfín sìgá, kì í ṣe nikotíìnì, ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè máa palẹ̀ káfíìnì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ, mọ́ kúrò nínú ara. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fi sìgá sílẹ̀, kọfí kan náà tó ti ń mu tẹ́lẹ̀ á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, oorun kò ní kùn ún, á sì rò pé sìgá ni ara òun ń béèrè. Káfíìnì sì wà nínú obì. Àwa tí a máa ń jẹ obì nírọ̀lẹ́ nígbà tí a bá jókòó sí ìta, tí a tún wá ń ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ ní agogo méjì òru, tí a ń dá jíjáwọ́ lẹ́bi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín obì kù ná. Nígbà tí mo dín in kù, tí mo sì ṣíwọ́ kọfí lẹ́yìn ọ̀sán, òru tí mo ti ń bẹ̀rù wá di òru lásán. Bákan náà ni ẹni tó bá ń lo oògùn fún àìsàn ọpọlọ tàbí fún asimá, ìyẹn àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa, yẹ kó sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun fẹ́ jáwọ́, nítorí ó lè pọn dandan kí wọ́n dín ìwọ̀n àwọn kan nínú oògùn bẹ́ẹ̀ kù.

Ní ti owó, ibẹ̀ ni mo ti ní ẹ̀sùn. Páálí ṣingọ́ọ̀mù náà kan wọ́n ju páálí sìgá kan lọ, ó sì wọ́n jìnnà. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn á sọ pé kí ènìyàn ṣírò iye tí ó ń ná sórí sìgá lóṣù, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń ra odidi páálí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu sìgá lọ́dọ̀ wa kì í ra páálí. Ẹyọ kan, ẹyọ méjì ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 lórí ìdarí tábà ti ka títa sìgá ní ẹyọ-ẹyọ léèwọ̀, tó sì ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ogún nínú páálí. Ọlọ́kadà tó ń fi owó kékeré ra ìyánhànhàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò lè dédé kó owó páálí oògùn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìparí oṣù, owó sìgá rẹ̀ ti lè tó o. Apòògùn tèmi gbà kí n san án ní ìdá méjì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa gbà, n kò sì rí i bí ohun tó yẹ kó jẹ́ ojúrere ènìyàn kan. Oògùn tó wà nínú àkójọ kòṣeémánìí yẹ kó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní iye tí ọlọ́kadà lè san.

Ìwé ìlànà inú rẹ̀ náà kò ràn wá lọ́wọ́. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, èdè òyìnbó nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ ẹ́, èyí tó jẹ́ ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà, wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yí po kó tó rí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, nítorí ohun tí kì í tètè tà lè ti pẹ́ lórí pẹpẹ.

Mo ti sọ pé oògùn kò sí fún ìdí ẹmu. Lóòótọ́ ni. Nikotíìnì inú ṣingọ́ọ̀mù kì í yára dé ọpọlọ bí ti èéfín, nítorí náà ẹni tó bá ń retí adùn kan náà yóò bínú sí i. Ó máa ń pa ìnira ni, kì í dá ayọ̀ sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ti mọ́ nínú mímú nǹkan kan dání nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo máa ń fi ẹyọ kan sẹ́nu kí n tó dé ibẹ̀, kí n má baà jẹ́ pé ìyánhànhàn ló máa kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, mo sì jókòó ti ọ̀rẹ́ tí mo ti sọ fún. Òun ló ń dá àwọn yòókù lóhùn nígbà tí wọ́n bá na páálí sí mi: "Ẹ fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, wọ́n ń lo oògùn." Gbólóhùn yẹn gba ìtìjú kúrò lọ́rùn mi. Ẹni tó ń lo oògùn, kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní Èkìtì. Bí mo bá sọ pé mo ń fi agbára ọkàn mi jáwọ́ ni, tẹ́tẹ́ ni wọn ì bá fi mí ta.

Ní ti sísanra, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi kílò 4 sí 5 kún ara ní ọdún àkọ́kọ́, oúnjẹ sì máa ń dùn sí i nítorí ahọ́n àti imú ti padà sípò. Ní ìlú oníyán, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ṣingọ́ọ̀mù náà máa ń dá sísanra yìí dúró díẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n kì í dá a dúró pátápátá. Ewu kílò márùn-ún kò tó ewu páálí sìgá kan lójúmọ́, mo sì ti wá ń rìn gun òkè àdúgbò wa láì dúró mí lágbedeméjì, èyí tí mi ò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ṣingọ́ọ̀mù ló ṣe ìyẹn. Àìsí èéfín ló ṣe é: kábọ̀n mọ́nọ́ksáídì inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ sí bó ṣe yẹ láàárín wákàtí 12, ẹ̀dọ̀fóró àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ á sì máa sàn sí i láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 12, tó bá fi máa pé ọdún kan, ewu àrùn iṣan ọkàn á ti dín kù dé nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń polówó idán. Nínú àwọn tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 4 nínú 100 ló ń ṣe é ní àṣeyọrí; àkójọ ìwádìí tó gbòòrò sì fi hàn pé irú oògùn tó ń rọ́pò nikotíìnì yìí ń fi nǹkan bí ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kún àǹfààní tí ènìyàn ní láti ṣàṣeyọrí. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ tó lò ó ṣì lè padà sídìí sìgá ní ìgbà àkọ́kọ́, kò sì yẹ kí ojú tì wọ́n, nítorí ìgbìyànjú mìíràn ṣì wà. Bí a bá da ṣingọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, iṣẹ́ wọn lágbára ju ti ọ̀kan ṣoṣo lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n ń lẹ̀ yẹn ṣòro rí ju ṣingọ́ọ̀mù lọ ní Adó. Dókítà tún lè kọ oògùn ìjáwọ́ mìíràn tó ń jẹ́ varenicline tàbí bupropion, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àkójọ rẹ̀ ní ọdún 2021, fún ẹni tí ṣingọ́ọ̀mù kò bá bá lára mu.

Ẹ̀rù ìkẹyìn tí mo ní, èyí tí n kò kọ sórí ìwé nítorí n kò mọ̀ pé yóò wá, ni ẹ̀rù àtifi ṣingọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kejìlá ti ń sún mọ́lé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn tó ṣẹ́kù bí ẹni tó ń tọ́jú owó, mo sì padà lọ bá apòògùn. Ó ní kí n gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí n sì máa fi ṣingọ́ọ̀mù lásán bọ́ sáàárín wọn, kí n máa sún àsìkò rẹ̀ síwájú. Ó ní bí ẹnìkan bá tilẹ̀ lò ó ju oṣù mẹ́ta lọ, ó sàn fún un jìnnà ju kó padà sídìí èéfín, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pẹ̀lú ìmọ̀ dókítà tàbí apòògùn. Ọ̀nà yẹn ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní Adó, kó kọ́kọ́ fi fóònù béèrè kó tó gbéra, pàápàá bó bá jẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò ló ti ń bọ̀, nítorí ti mílígíráàmù 2 ni wọ́n sábà máa ń ní nílẹ̀. Ẹni tó bá sì nílò 4 ní láti fún wọn láyè kí wọ́n bá a pàṣẹ rẹ̀, kó sì yan ọjọ́ tí yóò jáwọ́ sí ẹ̀yìn ọjọ́ tí oògùn náà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.